Ta Ló Borí, Ìlá tàbí Ire?

Orí igi máńgòrò ni Kùdírátù ti kọ́kọ́ rí Àlàó. Àwọn yòókù dúró létí pápá ilé ìwé, ṣùgbọ́n òun gun òkè lọ, ó di ẹ̀ka mú, ó ń bá bọ́ọ̀lù wí bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ wí. Kùdírátù bú sẹ́rìn-ín. Ó gbàgbé pé aṣọ funfun tí bàbá òun rán fún lèmọ́mù wà nínú igbá lórí òun. Bọ́ọ̀lù fò wá, ó gbá igbá náà dànù sínú ẹrẹ̀.

Jìnnìjìnnì bò ó. Sàlámì aránṣọ, bàbá rẹ̀, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ bọ́ọ̀lù. Ó ní eré àwọn tó ń sá fún ìrun ni. Bó bá gbọ́, Èkó ni yóò rán ọmọ rẹ̀ lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín.

Àlàó sọ̀ kalẹ̀. "Má sunkún, Àbíkẹ́."

"Ta ló sọ oríkì mi fún ọ?"

"Gbogbo ẹni tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá tún ṣe lọ́dọ̀ mi ni mo ti bi léèrè."

Wọ́n fọ aṣọ náà lódò, wọ́n sì jọ dì í mú nínú oòrùn títí ó fi gbẹ.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni Kùdírátù ń gbé igbá sórí, á ní òun ń gbé aṣọ lọ fún oníbàárà. Àjákù aṣọ ló wà nínú igbá, ọ̀dọ̀ Àlàó létí pápá ló sì ń lọ. Bàbá rẹ̀ kì í bi í léèrè, torí òun náà á ti fi tépù kọ́rùn, á ní òun ń lọ wọn oníbàárà kan ní Iresi. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá wúkọ́ lẹ́yìn ọmọbìnrin náà létí pápá, àyà rẹ̀ á já. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo bọ́ọ̀lù nínú yàrá lónìí, tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà, ẹ kò mọ̀ ọ́n wò. Kùdírátù darúgbó tán, kò rí eré tó dùn tó ti ìgbà tí ẹ̀rù ń bà á yẹn.

Àwọn èèyàn Àlàó wá tọrọ Kùdírátù fún un. Sàlámì kò jẹ́ kí wọ́n jókòó dáadáa.

"Mo gbọ́ pé orí igi ni ọmọ yín máa ń wà ní Sátidé. Ọmọ tèmi kì í ṣe ẹyẹ."

Ó ní bí Iléyá bá ti kọjá, Èkó yá.

Sátidé tó ṣáájú Iléyá, Ìlá, ìlú wọn, pàdé Ire lórí pápá. Kùdírátù lọ dágbére fún Àlàó. Àlàó kò gun igi lọ́jọ́ náà.

"Bí mo bá lọ, ṣé wàá ṣì máa wo bọ́ọ̀lù?"

"Ojú wo ni n óò fi wò ó, Àbíkẹ́ mi?"

Ibẹ̀ ni Ìlá ti gbá a wọlé. Gbogbo èèyàn fò sókè. Ọkùnrin kan níwájú wọn, tó fi ìborùn bo orí, fò ju gbogbo wọn lọ, ìborùn sì já bọ́. Tépù ń mì lọ́rùn rẹ̀. Ó yíjú padà láti mú ìborùn, ojú òun àti ọmọ rẹ̀ sì ṣe mẹ́rin. Sàlámì sá gba ọ̀nà oko. Kùdírátù sá gba ọ̀nà odò.

Nígbà tó délé, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ìdájọ́. Bàbá rẹ̀ wọlé, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń fi ẹsẹ̀ wà á láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Kùdí."

"Bàbá mi."

"Ta ló borí?"

"N kò mọ̀, bàbá. Èmi náà sá."

Sàlámì mí kanlẹ̀. "Ọmọ orí igi yẹn ńkọ́?"

"Òun kì í kúrò kó tó tán."

"Lọ pè é."

Àlàó dé, ó dọ̀bálẹ̀, òógùn bò ó. "Ìlá ló borí, bàbá. Ire dá a padà, a sì tún gbá òmíràn wọlé nígbà tó kù díẹ̀ kó parí."

"Ta ló gbá a?" Sàlámì fa àga sún mọ́ ọn. "Dìde, ọmọ mi. Sọ ọ́ láti ibi tí mo ti sá."

Nígbà tí Àlàó sọ ọ́ tán, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Kùdírátù tún ti kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, kò dá a lójú pé òun lè dìde.

"Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n padà wá," ni Sàlámì wí. "Ṣùgbọ́n kí wọ́n má wá ní Sátidé."