Kọ̀ǹpútà Qamardeen

Ìgbà kẹta rèé tí kọ̀ǹpútà tuntun náà máa kú mọ́ Baseerah lọ́wọ́ láàárọ̀ yẹn. Ó ti gé fídíò ìgbéyàwó dé ibi tí bàbá ìyàwó ti ń ṣàdúrà, ó fẹ́ fi orin sí i lábẹ́, ni àwòrán bá dúró gbagidi. Ẹnu bàbá náà là sílẹ̀ bí ẹni tí eṣinṣin fẹ́ kó sí lọ́fun. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn.

Nígbà tó tún tàn án, ó ṣí ibi tí ẹni tó tà á fún un ní òun kó gbogbo iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ pamọ́ sí. Orúkọ Qamardeen wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Òfìfo.

Qamardeen ni gbogbo Ẹ̀pẹ́ mọ̀ sí oní-fídíò. Àìsàn ránpẹ́ ló mú un lọ. Ó fi kọ̀ǹpútà alágbèéká kan sílẹ̀ fún Baseerah ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà náà, nítorí kì í ká fídíò kó má bá èèyàn ṣàwàdà lẹ́yìn kámẹ́rà. Ẹnu iṣẹ́ yìí náà ni Baseerah ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ ìlọta, ó ń gbóná janjan. Ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bólúwají, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sábó ní Ìkòròdú.

Bólúwají gbé etí lé e bíi dókítà. "Àǹtí, eléyìí ti darúgbó. Ẹ gbé ètò tí wọ́n fi ń gé fídíò lóde òní lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ á kán. Ẹ wo èyí." Ó fi fídíò kan hàn án lórí kọ̀ǹpútà kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ń yọ̀ lọ geere bí epo. "Core i7 ni, ọpọlọ rẹ̀ yára gan-an, RAM rẹ̀ pọ̀. Ẹ fi tiyín sílẹ̀, ẹ fi owó díẹ̀ lé e." Èyí tó wá dì fún un, inú páálí lẹ́yìn ló ti gbé e jáde. Baseerah ò fura.

Ta ni yóò wá sọ fún? Opó ni. Kò tíì parí tàkábà, ìsémọ́lé opó. Nígbà àkọ́kọ́, ó ní òun fẹ́ sùn, ó sì yọ́ jáde nílé ìyá ọkọ rẹ̀, ó gba Ìkòròdú lọ. Nígbà tí tuntun náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún yọ́ jáde lẹ́ẹ̀kejì, ó lọ béèrè ti ọkọ rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà wo?" ni Bólúwají bi í.

"Èyí tí mo fi sílẹ̀ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ohùn ọkọ mi wà nínú rẹ̀."

"Rìsíìtì dà?"

"Òun ló rà á."

"Ẹ pè é kó wá jẹ́rìí."

Baseerah fa aṣọ ọ̀fọ̀ ọrùn rẹ̀ mọ́ra. Bólúwají dìde, ó fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀ títí ó fi ku díẹ̀ kó kan ilẹ̀. "Aṣọ ọrùn yín ti sọ ẹni tí ẹ jẹ́ fún mi. Ta ló mọ̀ pé ẹ wà níbí? Ẹ pariwo, màá ní kọ̀ǹpútà olè lẹ gbé wá tà fún mi. Ọlọ́pàá á bá yín délé. Àwọn ará ilé ọkọ yín á wá mọ ibi tí opó ń rìn dé lọ́sàn-án gangan."

Ńṣe ni Baseerah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó rí abẹ́ ilẹ̀kùn náà gbà jáde.

Ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ò tíì kọjá Agbowa tí fóònù fi dún. Bàbá ìyàwó inú fídíò náà ni. "Ìyá oní-fídíò, ṣé ká sọ ọmọ lórúkọ kí fídíò ìgbéyàwó tó jáde ni?" Baseerah bẹ̀bẹ̀, ó pa fóònù, ó gbé orí lé fèrèsé. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí.

Àlájà Sèlíátù, ìyá ọkọ rẹ̀, ti dé láti Ọjà Olúwo, òórùn ẹja yíyan ṣì wà lára rẹ̀. Ó wo ojú ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ta ló lù ẹ́?"

Baseerah kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ohùn ọmọ mi ló gbà lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"O sì bẹ̀rù mi ju olè lọ." Ó nu ojú. "Àlùfáà ti sọ fún mi pé opó tó ń wá oúnjẹ lè jáde lọ́sàn-án. O ò bi mí ni. Dìde."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìkòròdú, Ínísípẹ́kítọ̀ Agnes Abọ́dúnrìn gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó mí kanlẹ̀. Àwọn mìíràn ti wá fẹjọ́ Bólúwají sùn rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ò lè dè é. Àfi ká bá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Àlájà, ṣé ẹ lè ṣe bí oníbàárà?"

"Ọjà ni wọ́n bí mi sí."

Agnes bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ṣe bí ọmọ Àlájà. Ó pe fóònù Baseerah, kò pa tirẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú báàgì kí Baseerah lè máa gbọ́ wọn. Baseerah jókòó sínú ọkọ̀ níta ṣọ́ọ̀bù Bólúwají pẹ̀lú ọlọ́pàá kan, Adéṣínà. Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gíláàsì wà lókè, ooru mú, ó di fóònù mọ́ etí.

"Mo fẹ́ èyí tó lágbára," ni Àlájà ń wí. "Mi ò fẹ́ èyí tó máa dákú lójú agbo."

Bólúwají rẹ́rìn-ín. "Màmá, èmi kì í ta òkú."

"Ẹja ni mò ń tà. Kò sẹ́ni tí í rà á láìyẹ abẹ́ etí rẹ̀ wò. Tàn án kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀."

Ohùn fídíò kan bẹ̀rẹ̀ nínú fóònù: omi ń ró. Àwọn èèyàn ń pe ara wọn láti inú ọkọ̀ ojú omi. Baseerah mọ ibẹ̀: Ejinrin ni, lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí Qamardeen tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ ra ẹja. Bólúwají ò ní fídíò tó dára tó bẹ́ẹ̀ láti fi fa oníbàárà mọ́ra, ló bá ń lo ti olóògbé. Ohùn náà sì dé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Màámi, ẹ má fi gèlè bojú. Ẹ wo ọ̀dọ̀ mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ọ̀fẹ́ ni."

Agnes ti kìlọ̀ fún Àlájà pé kó má mira.

"Mò ń wò ọ́, Qamaru," ni Àlájà wí. "Mò ń wò ọ́, ọmọ mi."

Bólúwají dá fídíò náà dúró.

"Màmá, ta lẹ pè?"

Àga ṣubú. Agnes pariwo. Adéṣínà bẹ́ jáde, ó sáré gba ọ̀nà iwájú. Baseerah gbàgbé òfin ọlọ́pàá, ó ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Bólúwají ti gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó já sí àlàfo àárín ṣọ́ọ̀bù méjì, kọ̀ǹpútà lábíyá. Nígbà tó rí Baseerah, ó na kọ̀ǹpútà náà sókè gọ́tà tí omi kún.

"Ẹ sún mọ́ mi, màá sọ ọ́ sómi!"

Baseerah dúró. Ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ. "Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan. Bólúwají tẹjú mọ́ ọn, kò gbọ́ ẹsẹ̀ Agnes lẹ́yìn. Agnes gbá a ní ìbàdí ṣòkòtò mú, ó fà á sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà já bọ́. Àyà Baseerah ni ó bà lé.

Ní àgọ́, Bólúwají ṣì ń ṣagídí.

"Ta ló ni kọ̀ǹpútà yìí?" Agnes bi í.

"Èmi ni."

"Fídíò inú rẹ̀ ńkọ́?"

"Èmi ni mo ká a."

Àlájà tún gèlè rẹ̀ wé, ó sún mọ́ ọn. "Wò mí dáadáa. Obìnrin inú fídíò yẹn, ta ni?"

Ó wo Àlájà, ó wo àwòrán, ó wolẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà yìí ò darúgbó," ló wí níkẹyìn. "Eruku ló dí fáànù rẹ̀. Mo nù ún, ó dákẹ́."

"Èyí tí o fún Baseerah ńkọ́?" Agnes tún bi í.

"Ògbólógbòó ni. Mo lẹ àmì i7 mọ́ ọn, mo yí ohun tí ojú rẹ̀ ń kọ nípa agbára rẹ̀ padà. Bí mo ṣe ṣe fún àwọn tó kù nìyẹn. Tiwọn wà nílé mi."

Agnes ní kí wọ́n lọ kó wọn wá. Àwọn tó ni wọ́n ń dé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ké Allāhu Akbar, wọ́n ń ké Halelúyà. Ṣùgbọ́n Agnes ní ti Baseerah á dúró di ilé ẹjọ́, ẹ̀rí ni, torí òun ni wọ́n ká mọ́ Bólúwají lọ́wọ́. Baseerah ti rí i, kò sì lè gbé e lọ.

"Ẹ má sunkún," Agnes sọ fún un. "Ohun inú rẹ̀ kì í ṣe ti kóòtù. Ẹ jókòó, ẹ dà á kọ."

Wọ́n so àpótí kékeré tí a fi ń kó fídíò pamọ́ mọ́ ọn. Iṣẹ́ ọdún pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àlájà fa àga mọ́ ọn, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà tó lọ́wọ́ọ́wọ́.

"Ìyàwó mi, ṣé ó ṣì pọ̀?"

"Ó ṣì pọ̀, Màámi. Ó ń lọ́ra."

"Má yára lé e," ni ìyá náà wí. "Jẹ́ kó rọra máa bọ̀."