Kúbúrátù Tí Kì Í Bó Ọ̀dùnkún

Ọmọbìnrin kan lóṣòó ti òkìtì ọ̀dùnkún tí Ismaheel, àgbẹ̀ kan, ń tà lọ́jà Takie l'Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1988, ìbòrí rẹ̀ aláwọ̀ ewé bọ́ sí èjìká, ó ń fi èékánná ha èèpo wọn níkọ̀ọ̀kan.

"Àǹtí, ṣé ẹ ó bó gbogbo rẹ̀ tán kí ẹ tó rà á ni?" ni Ismaheel bi í.

Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "N kì í bó o rárá. Èyí tí inú rẹ̀ pọ́n ni mò ń wá."

Kúbúrátù lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ oúnjẹ sísè ní ilé ìwé girama kan l'Ọ̀yọ́. Ó ṣàlàyé pé àwọn nǹkan kan wà tó ń ba ara èèyàn jẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí irin ṣe ń dógùn-ún, pé àwọn èròjà inú ọ̀dùnkún pupa, àti tinú èèpo rẹ̀, a máa gbógun tì wọ́n. Ismaheel ò gbọ́ ju ìdajì lọ. Ojú rẹ̀ ló ń wò.

Kò pẹ́ tí Ọ̀yọ́ fi di ojúde ilé fún Ismaheel nítorí Kúbúrátù.

"Ṣé olùkọ́ máa ń fẹ́ àgbẹ̀?" ló bi í lọ́jọ́ kan.

"Tí àgbẹ̀ ọ̀hún bá mọ ọ̀rọ̀ sọ."

"Ìwọ ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi."

"Ìyẹn náà ti tó ọ̀rọ̀."

Ràmọ́tà, ìyá Ismaheel, ni kò gbà. Nígbà tí Kúbúrátù wá kí i l'Ògbómọ̀ṣọ́, ó fọ ọ̀dùnkún mọ́ tónítóní, ó sè é tèèpo-tèèpo, ó gbé e síwájú ìyá. Ìyá ti abọ́ náà sẹ́yìn.

"Ewúrẹ́ ló ń jẹ èèpo nílé yìí. Ọ̀lẹ ni ọmọbìnrin yìí, Ismaheel. Mi ò fẹ́ ẹ."

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Tí kì í bá ṣe òun, mi ò níyàwó."

Ìyá ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tó sú Ismaheel, ó lọ bẹ Kúbúrátù: "Jọ̀ọ́, ṣáà sọ fún wọn pé wàá máa bó o."

Kúbúrátù tẹ̀ lé e padà. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá.

"Ẹ kú ilé, mà. Ọmọ yín ní kí n wí pé màá máa bó o. Tiyín, màá bó o. Ṣùgbọ́n nínú ìkòkò tèmi, mi ò ní bó o, torí mo mọ ire tó ń ṣe lára. Mi ò lè torí ọkọ purọ́ fún yín."

Ismaheel di ojú. Ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

"Ẹ̀rù mi ò bà ọ́?" ni ìyá bi í.

"Ó ń bà mí, mà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

Ìyá na ọwọ́, ó di ọwọ́ náà mú. Lóòótọ́ ni, ó ń gbọ̀n. Kò tètè fi í sílẹ̀.

"Gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n ń mú wá fún mi pé kí o fẹ́, ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń sọ," ló wí. "Ismaheel, èyí ò ní tàn ọ́. Lọ sọ fáwọn ẹbí bàbá rẹ kí wọ́n múra Ọ̀yọ́, kí a lọ tọrọ ìyàwó."

Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n so yìgì. Aáfà bi Kúbúrátù bóyá ó gbà láti fẹ́ Ismaheel. Kò jẹ́ kí aáfà parí ìbéèrè tó fi dáhùn. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àfi ọkọ ìyàwó, tó ń fi etí agbádá nu omijé.