Kí Ẹ Tó Ju Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi Yín Nù

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Ògúndèjì àti Mojí ìyàwó rẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi wọn kó ẹja bọ̀ láti abúlé àwọn apẹja kan lórí adágún Kossou. N'Gattakro, ní ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe àwọn Yorùbá ní Anago, ni wọ́n ń gbé. Mojí ló máa ń ta ẹja náà lọ́jà. Èrò mẹ́rin bá wọn wọkọ̀ lọ́jọ́ náà, aboyún sì wà lára wọn.

Láàárín omi, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ògúndèjì fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro ó. Afẹ́fẹ́ ń tì wọ́n lọ síbi tí kùkùté igi pọ̀ sí lábẹ́ omi. Kò sí àjẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọwọ́ àti abọ́ ni wọ́n fi wà á fún wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó gúnlẹ̀.

Bí wọ́n ṣe délé, Mojí kọjú sí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Priscille," ó ní, "ẹ ta irin yẹn fún àwọn tó ń ra àlòkù. Mi ò wọ ọkọ̀ náà mọ́."

"Ìyá Priscille, ọdún mọ́kànlá ló ti ń bọ́ wa."

"Àtijọ́ nìyẹn. Lónìí, díẹ̀ ló kù kó pa wá."



Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ògúndèjì lọ sí àdúgbò Broukro, lọ́dọ̀ Hamed tó ń ta ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì tí ọkùnrin náà fi hàn án ń dán gbinrin.

"Anago, ọ̀rẹ́ mi, tuntun ni. Tètè gbé e, ẹlòmíràn ń bọ̀ lọ́sàn-án."

"Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Abidjan."

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí kọ Ògúndèjì lóminú. Ó pe Christianah, ọmọ ìjọ wọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní àdúgbò Belleville.

Christianah dé, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ó fi èékánná ha ọ̀dà ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kun ún ni. Irin rẹ̀ ti sán, wọ́n wá fi nǹkan dí i. Wọ́n sì ti fá nọ́ńbà rẹ̀ kúrò. Ó lè jẹ́ pé wọ́n jí i ni."

Hamed fa tapólì bo ọjà rẹ̀.

Wọ́n gbé ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì Ògúndèjì lọ sí Belleville. Christianah tú u, ó fi aago tí wọ́n fi ń wọn agbára wo ihò méjèèjì tí epo ti ń jó nínú rẹ̀.

"Agbára wọn dọ́gba, irin rẹ̀ ò sì sán. Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ń fa omi tu ẹ́ńjìnnì lára?"

"Mi ò pààrọ̀ rẹ̀ rí."

"Ooru ló ń mú un, ìdọ̀tí epo sì ti dí i lọ́nà. Àìsàn tó ṣeé wò ni. Ká ní ihò kan ti kú ni, tàbí a ò rí ẹ̀yà rẹ̀ rà mọ́, èmi gan-an ni ǹ bá ní kẹ́ ẹ wá òmíràn tó níwèé."

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, wọ́n gbé e sínú dúróòmù omi láti dán an wò. Ògúndèjì fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́.

Ní Sátidé, Mojí dúró létí omi, ó ń wo ọkọ̀. Àjẹ̀ méjì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì fún olúkúlùkù. Ó wọ ẹ̀wù tirẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀.

Afẹ́fẹ́ le lọ́jọ́ náà. Wọ́n rí ọkọ̀ kan tó gbé apẹja márùn-ún, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, tí omi ń gbé lọ sí àárín kùkùté. Ògúndèjì ju okùn sí wọn, ó fà wọ́n títí dé èbúté. Ẹ́ńjìnnì Ògúndèjì ò tilẹ̀ kọsẹ̀. Àwọn obìnrin etí omi ń pàtẹ́wọ́, aya àwọn apẹja kan ń sunkún ayọ̀.

Aboubacar, àgbà apẹja náà, di ọwọ́ Ògúndèjì mú. "Anago, Ọlọ́run ló rán ọ."

"Ó rán ẹ́ńjìnnì wa náà," ni Mojí fi ẹ̀rín dáhùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ ojú omi, ẹ má fi ìbínú ta ògbólógbòó, ẹ má sì torí pé ó ń dán ra tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó pinnu. Bí irin bá ti sán, ẹ pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì náà. Bó bá jẹ́ rọ́bà tàbí ìdọ̀tí ni, ẹ tún un ṣe. Èyí tí kò níwèé, tí wọ́n fá nọ́ńbà rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ó tán, ó kù: ẹ́ńjìnnì ìbáà jẹ́ tuntun, ẹ má kúrò ní èbúté láìsí àjẹ̀ àti ẹ̀wù ààbò fún gbogbo èrò. Omi ò mọ ọjọ́ tí a ra ẹ́ńjìnnì.