Oyin àti Táàṣì Tí Wọ́n Kán sí Ojú Kúbúrátù

Ẹ má bínú o, inú ló ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Èmi àti Kúbúrátù la jọ ń yan gàrí ní Odògbolú. Àìsàn ti fọ́ ojú òsì rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀tún nìkan ló fi ń ríran. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fa gbágùúdá tu lóko, igi rẹ̀ bá gún un ní ojú ọ̀tún yẹn gan-an.

Mo ní, "Ìyá Zayd, jẹ́ ká lọ sí ọsibítù ní Ìjẹ̀bú-Òde."

"Nítorí igi lásán? Jẹ́ kí n pe ọmọ mi ná."

Zayd ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì ní Ìjàgun. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù: "Màámi, wọ́n kọ́ wa pé oyin tí wọ́n pò mọ́ táàṣì ń dá kòkòrò tó ń fa làpálàpá dúró."

"Ṣé kí n kán an sójú?"

"Ẹ kán an sí i. Kí ni oyin fẹ́ ṣe fún èèyàn?"

Táàṣì kì í wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ìsàlẹ̀ abọ́ tí omi kíkan ń ro sí láti inú àpò gàrí ló máa ń dì sí. Kúbúrátù ha á, ó po oyin tó rà lẹ́bàá títì mọ́ ọn, ó ń kán an sójú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há.

"Ìwọ ò kàwé," ó dá mi lóhùn. "Ọmọ mi ló kàwé."

Háà! Ojú pọ́n, ó wú, nǹkan funfun yọ lórí ẹyinjú. Ìgbà tí oorun dá lójú rẹ̀ pátápátá ló tó gbà ká lọ.

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú ojú, Morádéyọ̀, gbọ́ àlàyé wa, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, ọmọ yín ò purọ́. Àwọn tó ṣèwádìí rí i pé táàṣì ń ran oyin lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwo ni wọ́n ti dán an wò, kì í ṣe ojú èèyàn. Igi yẹn ló gbé kòkòrò tó jọ ti làpálàpá wọ ojú yín, táàṣì inú omi kíkan náà sì lè ti gbé òmíràn kún un. Oògùn rẹ̀ wà, ká ní ẹ tètè wá ni."

"Ṣé màá ríran?"

Morádéyọ̀ mú un lọ bá dókítà. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Zayd dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. "Màámi, ẹ dárí jì mí." Kúbúrátù nawọ́ láti gbé e dìde, ilẹ̀ ló ń fọwọ́ bà kiri. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, tí mo gbé e lé orí ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí igi tàbí èèpo bá gún yín lójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ má kán ohunkóhun sí i, ìbáà jẹ́ oyin, ìbáà jẹ́ táàṣì, ìbáà jẹ́ oògùn ojú tí ẹlòmíràn lò kù. Ìwádìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó parí kó tó di oògùn. Ọsibítù ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lójoojúmọ́ ni Kúbúrátù ń bi mí pé, "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́?" Ẹ tètè lọ, nígbà tí ẹ ṣì ń fi ojú ara yín rí ọ̀nà.