Táyà Tí Mojísọ́lá Yàn

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹfà ọdún 2023, òjò rọ̀ láti àárọ̀ ní Kétu, mọ́tò pupa kan tó sún mọ́lẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ fi ikùn wọ́ sì rọra yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù táyà Daddy Reuben lójú ọ̀nà Ìkòsí. Táyà ẹ̀yìn kan ti bẹ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ ti rin gbingbin, nítorí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ wò ó lójú ọ̀nà.

"Aunty, ẹ kú ọjà o. Ẹ bá mi wá tòkunbọ̀ tó bá a mu."

Mojísọ́lá, ọmọ Daddy Reuben, ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wo táyà náà, ó wo ọkùnrin náà.

"Ọ̀gá, irú mọ́tò yìí kì í wọ tòkunbọ̀."

"Kí ló dé? Ṣé ẹ̀sìn tó ń ṣe ló kọ̀ ọ́ fún un?"

Ẹ̀rín pa á. "Eré tó ń sá ni. Rọ́bà tòkunbọ̀ ti gbẹ kó tó sọdá òkun. Tí ẹ bá tẹ bíréèkì nínú òjò báyìí, ẹ ó kàn máa yọ̀ lọ bí ẹni tó tẹ ilá mọ́lẹ̀."

"Ilá kẹ̀?"

"Ilá."

Muideen lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ni. Mọ́tò náà ti forí sọ ògiri kó tó rà á. Òun àti mẹkáníìkì kan ló tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ ní Ọwọ́dẹ́ Onírin. Ó ń fi í háyà fún àwọn tó ń ṣègbéyàwó àti àwọn olórin tó ń ya fídíò. Òun ló ń fi bọ́ ara rẹ̀ àti ìyá rẹ̀.

Mojísọ́lá gbé táyà tuntun oríṣi méjì síwájú rẹ̀. Rọ́bà ọ̀kan le, á sì pẹ́. Èkejì wọ́n jù ú lọ, ó rọ̀, ó ń di ọ̀nà mú nínú òjò, ṣùgbọ́n ó máa ń tètè jẹ. Muideen gbọ́wọ́ lé èyí tó le. Mojísọ́lá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

"Èyí tó rọ̀ ni kí ẹ gbé."

"Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kì í pẹ́."

"Ṣé táyà lẹ fẹ́ kó pẹ́ láyé ni, àbí ẹ̀yin?"

Ọkùnrin náà ki ọwọ́ bọ àpò. Èyí tó rọ̀ ló rà, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí kò yà.

"Mojí mi, afẹ́fẹ́ ló tún jò."

"Muideen, afẹ́fẹ́ ò jò. Ojú mi lo wá wò."

"Ó dáa, bá mi wọn ìyẹn náà."

Ìfẹ́ wọlé sí Mojísọ́lá lára, kò sì bá a jà. Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ó sọ fún bàbá rẹ̀. Ó rò pé ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí ni wọn yóò mú wá, nítorí díákónì ni wọ́n. Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ mọ́ṣáláṣí.

"Ọmọkùnrin tó ra táyà rírọ̀ yẹn?"

"Òun ni, sà."

"Ọmọ Yahoo."

"Daddy, ó níṣẹ́ lọ́wọ́."

"Mo ti ń ta táyà kí wọ́n tó bí ọ. Ẹni tó ń fi òógùn jẹun, èyí tó máa pẹ́ ló ń béèrè. Ẹni tó bá kó owó gọbọi lé ohun tó máa tètè jẹ, owó yẹn ò dùn ún ni."

"Èmi ni mo yàn án fún un. Èyí tó le ló fẹ́ gbé."

Daddy fi ojú àánú wò ó. "Wo bó ṣe ti kọ́ ọ lọ́rọ̀ sọ."

Mojísọ́lá kò lè bínú sí wọn. Keziah, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, ti fẹ́ onímọ́tò ńlá kan rí. Nígbà tí ọlọ́pàá wá kó ọkọ, wọ́n kó ìyàwó mọ́ ọn, toyún toyún. Daddy ló ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní àtìmọ́lé títí ó fi bímọ síbẹ̀.

Muideen kó ìwé mọ́tò wá. Daddy ní kò sí ohun tí kọ̀ǹpútà kì í tẹ̀ jáde láyé ìsinsìnyí. Ó mú mẹkáníìkì rẹ̀ wá. Daddy ní ẹyẹ tó jọra ló ń fò pọ̀. Níkẹyìn, Muideen ta mọ́tò náà, ó ra bọ́ọ̀sì kékeré tó ti gbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó tòmátì ní Máìlì Twelve.

"Ó mà yá a lára láti tà á," Daddy wí. "Ohun téèyàn làágùn rà kì í yá èèyàn lára láti tà. Kí ló ń sá fún?"

Ìyá Muideen, Ìyá Sẹ̀kínát, wá láti Ìsẹ́yìn láti bẹ̀bẹ̀, Muideen sì tẹ̀ lé wọn lọ sílé Daddy. Daddy kí wọn dáadáa, wọ́n ní kí Mojísọ́lá gbé omi wá fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀.

"Ìyá, mi ò bá yín jà o. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ọmọ mi fún ọmọ Yahoo."

Ìyá náà rọra gbé ife kalẹ̀. "Ọmọ ta ni?"

Ìyá náà ti dìde dúró.

"Aṣọ òfì ni bàbá rẹ̀ ń hun títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Olè ò sí nílé wa. Muideen, dìde. Ibi tí wọ́n bá ti pè ọ́ ní olè, mi ò ní gba ìyàwó níbẹ̀."

Mojísọ́lá kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá náà fọwọ́ pa á lórí, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Muideen padà wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì.

"Mú mi lọ," Mojísọ́lá wí. "Ibi yòówù tó bá jẹ́."

"Olólùfẹ́ mi, tí mo bá gbé ọ sá lọ, mo ti di olè tí wọ́n pè mí nìyẹn."

"Ká ní mo jẹ́ kí o gbé èyí tó le ńkọ́?"

"Ǹ bá ti wà nínú gọ́tà Ìkòsí látijọ́."

Mojísọ́lá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bọ́ sí i lẹ́nu. Muideen dì í mú títí kọ́sítọ́mà kan fi dé.

Muideen padà sí Ìsẹ́yìn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ fẹ́ ìyàwó fún un níbẹ̀. Daddy gbà títí dòní pé àwọn yọ ọmọ àwọn nínú ewu, kò sì sí ohun tí Mojísọ́lá lè sọ tí wọn yóò gbà gbọ́. Ó ṣì ń ta táyà lójú ọ̀nà Ìkòsí. Ó ti pàdánù Muideen.