Ìpele Tí Kò Hàn

Ọjọ́ tí olùkọ́ kọ̀ǹpútà máa ka àwọn tó yege nínú ìdíje àwòrán, yàrá kọ̀ǹpútà kún bámúbámú. Àwọn tí kò fa ìlà kan rí láyé wọn náà wá jókòó, wọ́n ní àwọn wá báni yọ̀. Olùkọ́ yìí, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbóhùn sókè, ṣí lẹ́tà tí iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù fi ránṣẹ́, ó sì ń kà á díẹ̀díẹ̀. Àwòrán tí wọ́n gbà láti oríṣiríṣi ilé ẹ̀kọ́ lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Mẹ́wàá péré ni wọ́n ṣà. Nínú mẹ́wàá yìí, àwọn mẹ́ta ni yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wọn nígbà ìsinmi, kí wọ́n lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwọn èèyàn inú géèmù. Nígbà tó kan ẹni kẹrin, olùkọ́ gbójú sókè, ó wo ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ńsùlù, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

Àfi gbọ̀ọ̀! Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Láti kíláàsì kìíní ni wọ́n ti ń pe ọmọbìnrin náà ní Pẹ́ńsùlù, torí ó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí bíi káfíńtà. Ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún báyìí, etí yẹn ṣì ń gbé pẹ́ńsùlù kiri. Inú rẹ̀ dùn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ ka ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà náà, pé kí àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi fáìlì àwòrán wọn gan-an ránṣẹ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, tòun ti gbogbo ìpele rẹ̀, kí àwọn lè rí bí wọ́n ṣe yà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Pẹ́ńsùlù.

Ẹni tí kò bá ya àwòrán sórí kọ̀ǹpútà rí lè máa bèèrè pé kí ló ń jẹ́ ìpele. Kò le rárá. Ẹ ro ọ̀rá tí ojú ń ríran kọjá nínú rẹ̀, kí ẹ tò ó léra. Ẹ ya ilé tó máa wà lẹ́yìn sórí ìkíní, ẹ ya èèyàn sórí ìkejì, ẹ ya aṣọ rẹ̀ sórí ìkẹta. Bí aṣọ bá bàjẹ́, ẹ lè pa aṣọ nìkan rẹ́, èèyàn yẹn kò ní mọ̀. Àmì kékeré kan tó dà bí ojú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ ojú yẹn, á pa dé, ìpele náà kò ní hàn mọ́, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, kò lọ síbì kan. Ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán yóò ní àwọn ìpele yìí nílẹ̀. Ìpele kan ṣoṣo ni Pẹ́ńsùlù ní, òun fúnra rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ẹyọ kan, nítorí àwòrán náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ilé ìtẹ̀wé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó mọ àwòrán yà débi pé àwọn oníbàárà máa ń dúró lẹ́yìn àga rẹ̀ láti wò ó. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní kó máa lo kọ̀ǹpútà náà àti pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yàwòrán sínú rẹ̀, tòun ti bíírò rẹ̀ tí kò ní yíǹkì. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ní kó lò. Fódà kan ṣoṣo tó kọ “Màámi” sí lára ló ní kó má fọwọ́ kàn. Màámi ni ìyá wọn, aránṣọ, tó ti di olóògbé láti ọdún méjì sẹ́yìn.

Nígbà tí ìdíje yìí dé, àkòrí tí wọ́n fún wọn ni “Ẹni tó lágbára jù lọ tí mo mọ̀.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún wọn. Pẹ́ńsùlù fi márùn-ún gbá géèmù tí iléeṣẹ́ yẹn ṣe, ó ní ìwádìí lòun ń ṣe. Ìwádìí náà sì dùn mọ́ ọn. Ìṣòro rẹ̀ gan-an ni ọwọ́. Kò mọ ọwọ́ yà. Gbogbo èèyàn tó bá yà ló máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n kì í bọ àpò, títí Onígíláàsì tó ń jókòó tì í ní kíláàsì fi bi í bóyá ọlọ́pàá ló kó gbogbo wọn. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó dùn ún. Ó sì ti fọ́nnu káàkiri pé kò sẹ́ni tó máa borí òun.

Àárọ̀ Sátidé tó jẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, bàbá wọn, tó ń tún fìríìjì ṣe, ti jáde lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń bá a na ìka tó kù. Ó ku òun nìkan nílé. Ó ní òun kàn fẹ́ wo fódà náà ni, pé òun á kàn yọjú wò ó, òun á sì pa á dé. Ó ṣí i. Ó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, ó wé gèlè, ara rẹ̀ le, ojú rẹ̀ ń dán, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń ti aṣọ lọ sábẹ́ abẹ́rẹ́. Ọwọ́ yẹn ló mú un. Gbogbo oríkèé ìka ló hàn. Ó wò ó títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ nígbà tó nujú tán, ohun tó sọ fún ara rẹ̀ ni pé ìyá tòun náà ṣáà ni.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fi àmì orúkọ rẹ̀ sí igun ìpele kọ̀ọ̀kan. Láti pa gbogbo àmì náà rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, Pẹ́ńsùlù ní kí kọ̀ǹpútà da ìpele gbogbo pọ̀ di ẹyọ kan. Kọ̀ǹpútà bi í pé ìpele kan wà tí kò hàn, ṣé kí òun sọ ọ́ nù? Ó rò pé ìlà jágajàga tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbìyànjú ni. Kò tilẹ̀ ṣí i wò. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó pa àmì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́, ó fi tirẹ̀ sí i, ó tọ́jú rẹ̀ sórí fáìlì àtijọ́ náà gan-an, ó sì fi í ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ìdí nìyí tó fi sáré lọ sílé lọ́jọ́ tí wọ́n ka lẹ́tà. Ọjọ́rú ni. Ọ̀sán yẹn àti ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń gbìyànjú láti gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ kó lè pè é ní ìpele. Ibi tó bá ti gé, ihò ló ń dá sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó gé gèlè, orí ìyá rẹ̀ bá a lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da kọ̀ǹpútà nù.

Kò tíì ronú kan ibi tó máa gbà nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Bàbá wọn ń tẹ̀ lé e, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Bàbá yìí kì í wọ yàrá wọn bẹ́ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò, ó ní:

“Àwòrán ìyá yín, èyí tí mo ní kí ẹ gbé kúrò níwájú mi nígbà yẹn. Mo rò pé mo lè wò ó báyìí.”

Pẹ́ńsùlù dìde fún wọn lórí àga. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, torí ó rò pé ti ẹ̀rọ ìránṣọ ni bàbá ń sọ, ìyẹn sì wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó ń fi ọwọ́ òsì wá fódà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fà, ó ń ṣàlàyé fún àbúrò rẹ̀. Ó ní nínú oṣù tí ìyá wọn lò kẹ́yìn nílé, òun yà á lẹ́bàá fèrèsé, bí àìsàn ṣe sọ ọ́ dà gan-an, orí lásán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti jò. Bàbá kò lè wò ó. Òun wá pa ojú ìpele yẹn dé, òun ya èyí tí ara rẹ̀ le sórí rẹ̀, kí bàbá lè máa rí ìyẹn.

“Bó ṣe jókòó fún mi yẹn, ó ní ẹnu tí mo yà fún òun kì í ṣe ẹnu òun,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. “Ló bá gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó ya ẹnu náà fúnra ẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu yẹn jọ ọ́ ju gbogbo ohun tí mo yà lọ.”

Fáìlì ṣí. Ìpele kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún. Ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó wá inú àwọn fódà yòókù, ó wá ibi tí kọ̀ǹpútà máa ń kó ohun tí wọ́n bá pa rẹ́ sí. Bàbá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà, àkísà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń retí. Pẹ́ńsùlù rò ó pé òun lè dákẹ́, wọ́n á ní kọ̀ǹpútà ló bàjẹ́. Ó wo ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń wá kiri, kò lè gbà á mọ́ra.

“Bùọ̀dá, ẹ má wá a mọ́. Èmi ni.”

Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn. Ìbá sàn kó jágbe. Ó yí àga padà sí i, ó ní:

“Ṣé kọ̀ǹpútà bi ẹ́ kó tó sọ ọ́ nù?”

“Ó bi mí.”

“Kí lo wá ní?”

“Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.”

Bàbá wọn yí padà, ó jáde. Kò fọwọ́ kan irinṣẹ́ kankan mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó jókòó síwájú ilé láàárín àwọn fìríìjì tó ti tú palẹ̀, ó gbé ọwọ́ lérí orúnkún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí agogo tó lù, Pẹ́ńsùlù ti wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Olùkọ́ tẹ́tí sí i tán, ó fa àga fún un, ó ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ náà. Ó kọ ọ́. Wọ́n yọ àwòrán rẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn dí àyè náà. Wọ́n ní àwọn kò ní gba àwòrán láti ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ọdún tó ń bọ̀. Onígíláàsì, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ti ọdún tó ń bọ̀, kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó fa àga rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn yòókù sọ̀rọ̀ ní tiwọn. Wọ́n yí orúkọ ọmọbìnrin náà padà, wọ́n ń pè é ní Ẹ̀dà, ó sì ń jẹ́ ẹ, torí kò rí ẹnu tó fi máa kọ̀ ọ́.

Nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá a lóhùn bó bá kí i, kò sì ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan ló fa àga tì í, ó ní kó ṣí ojú ewé tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ìyá wọn ṣe rí lẹ́bàá fèrèsé, Pẹ́ńsùlù sì ń yà á. Ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ jò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní etí òsì rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, Pẹ́ńsùlù fẹ́ fi aṣọ bo ọwọ́ ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní rárá, kó yà á. Ó yà á, ó bàjẹ́, ó pa á rẹ́. Sátidé mẹ́rin ló fi ya ọwọ́ nìkan. Ní ìkẹrin, ọwọ́ náà di ọwọ́ èèyàn, kò lẹ́wà bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló yà á.

Ó wá ku ẹnu. Ó gbé bíírò, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá á sọ bó ṣe rí. Wọn kò mọ̀ pé bàbá ti wà lẹ́yìn wọn.

“Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀,” bàbá sọ. “Ó ti yà á fúnra ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ bá a yà á.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde, tí wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ìyá wọn lẹ́bàá fèrèsé, láìní ẹnu. Bí àlejò bá bèèrè ìdí tí wọn kò fi yà á parí, bàbá àti ẹ̀gbọ́n á fi ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Pẹ́ńsùlù á sọ pé òun lòun pa ẹnu ìyá òun rẹ́, á sì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ kan tó rọrùn fún un láti sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, bóyá àwòrán lẹ fẹ́ràn, bóyá géèmù, bóyá orin tàbí fíìmù lẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó bá máa jẹ́ orúkọ yín wá látọwọ́ yín, bó ti wù kó burú tó. Ẹni tó bá jí iṣẹ́ ẹlòmíràn kò mọ gbogbo ohun tó wà nínú ohun tó jí. Pẹ́ńsùlù rò pé àwòrán kan lòun mú. Ohun tó kù nílẹ̀ láti ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sọ nù, kò sì sí bọ́tìnnì kankan lórí kọ̀ǹpútà tó lè dá a padà.