Sójà Mọ́kànlá Ọ̀ṣuntúndé

"Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀fun fún mi, bí mo bá sín ní Ọ̀rányàn, páànù ilé mẹ́tàdínlógún ló ń ṣí ní Bẹyẹrunkà!"

Ọ̀ṣuntúndé tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ló ń fọ́nnu báyìí, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé gbígbẹ lórí iyanrìn lọ. Jẹjẹrẹ ni wọ́n gé kúrò lọ́fun rẹ̀. Hilda, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ nílé àyẹ̀wò kan ní Bẹẹrẹ, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn kó lè gbọ́. Oòrùn àárọ̀ bà lé yẹtí rẹ̀. Gbogbo Ìbàdàn pa lọ́lọ́ létí Ọ̀ṣuntúndé, òkè Mápó sì ń léfòó lójú rẹ̀ bí ìkuukùu.

"Ẹ na ọwọ́ yín, Bàbá Asínṣípàánù."

"Kí lẹ ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ mi?"

"Àwọn sójà tí ara yín kó dìde sí jẹjẹrẹ yẹn. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta la ó máa kà wọ́n."

"Tèmi á kún Mápó!"

Ẹ̀rín gba ẹnu Hilda, kò ráyè parí àlàyé.

Lóòótọ́, igba ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, àwọn méjèèjì ti ń jọ jókòó wo ìrọ̀lẹ́ lórí àtẹ̀gùn Mápó.

"Olólùfẹ́ mi, tí ẹ̀jẹ̀ mi bá ti dára, ilé bàbá rẹ ní Ìsàlẹ̀ Òsì ni mo ń sáré lọ láti tọrọ rẹ."

Lọ́jọ́ tí èsì ẹ̀ẹ̀kẹta dé, Hilda ò sí níbi iṣẹ́. Ọ̀ṣuntúndé dá ìwé kà: mọ́kànlá! Ọmọ Ìbàdàn wo ni sójà rẹ̀ á ku mọ́kànlá tí kò ní gbà pé ogun ti borí òun? Ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù pé, "Hilda, wá ọkọ mìíràn." Omijé tó dà lọ́jọ́ mẹ́ta, odò Ògùnpa ò lè gbà á.

Lọ́jọ́ kẹta, bí Hilda ṣe padà síṣẹ́ tó rí èsì náà, ó já wọlé tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn.

"Ta ló ní kóo dá a kà? Ogun ló rọlẹ̀ tí sójà fi lọ sílé! Tí wọ́n bá tún ń pọ̀ sí i ni kẹ́rù bà wá. A ṣì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò o, àmọ́ o ò ní dá nìkan lọ mọ́. Àwa méjèèjì ni."

Òkè Mápó tún léfòó lójú Ọ̀ṣuntúndé. Ó gbá àyà.

"Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ẹ̀rín ni mo ń rín láti ìjẹta. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, omi ò jáde lójú mi rí!"

Ìyá rẹ̀ yọjú láti yàrá.

"Ọ̀ṣuntúndé, mo fún ìrọ̀rí rẹ, garawa kún. Ṣé kí n sá a sóòrùn?"

Hilda bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣuntúndé ki eré mọ́lẹ̀, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, ó kọrí sí Ìsàlẹ̀ Òsì.